Chlorine inú iyọ̀, inú bílíìsì àti inú gáàsì olóró: ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó po nǹkan pọ̀ nílé

"Po Jik mọ́ òògùn ìfọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, yóò mọ́ lójú ẹsẹ̀." "Ẹ má jẹ iyọ̀ mọ́, gáàsì tí wọ́n fi ń pa èèyàn lójú ogun wà nínú rẹ̀." "Bí bílíìsì bá lè pa kòkòrò àrùn lórí ilẹ̀, kí ló dé tí kò ní lè pa á nínú ikùn?"

Irú ọ̀rọ̀ báyìí kò ṣàjèjì lórí WhatsApp, Facebook àti TikTok. Ohun kan ló so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: èròjà tí wọ́n ń pè ní chlorine. Òun ló wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀, òun ló wà nínú bílíìsì tí a fi ń fọ aṣọ funfun, òun náà ló wà nínú gáàsì tó ti pa ọmọ ogun púpọ̀. Báwo ni èròjà kan ṣoṣo ṣe lè jẹ́ oúnjẹ níbí, kó jẹ́ ohun ìfọṣọ lọ́hùn-ún, kó sì jẹ́ májèlé níbòmíràn?

Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ẹ̀kọ́ chemistry tí wọ́n ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama. A ṣe àlàyé yìí kí ẹ lè tọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì máa fi yẹ àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá wọlé wò.

Ní kúkúrú

• Irọ́ ni pé gáàsì olóró wà nínú iyọ̀. Chlorine inú iyọ̀ ti so mọ́ sodium, kò sì lè ṣe ohun tí gáàsì chlorine ń ṣe.
• Irọ́ ni pé omi oníyọ̀ ń dènà Ebola. Àhesọ yìí pa èèyàn ní Nàìjíríà lọ́dún 2014.
• Irọ́ tó léwu ni pé bílíìsì àti òògùn ìfọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù bí a bá pò wọ́n pọ̀. Gáàsì chlorine ló ń jáde.
• Irọ́ tó léwu ni pé mímu bílíìsì ń wo àìsàn.
• Irọ́ ni pé epo pupa tàbí wàrà ń pa oró gáàsì tí èèyàn bá fà símú.

Kí ni chlorine?

Ohun gbogbo tí a lè fọwọ́ kàn, ìbáà ṣe omi, òkúta tàbí ara àwa fúnra wa, átọ́ọ̀mù ló para pọ̀ di wọn. Átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ní kókó kan láàárín, àwọn electron sì wà yí kókó náà ká ní ìpele-ìpele. Àwọn electron tó wà ní ìpele òde pátápátá ló ń pinnu bí átọ́ọ̀mù yóò ṣe bá òmíràn lò.

Electron 17 ni átọ́ọ̀mù chlorine ní. Méjì wà ní ìpele inú, mẹ́jọ wà ní ìpele tó tẹ̀ lé e, méje sì wà lóde. Mẹ́jọ ló yẹ kó wà lóde kí ara rẹ̀ tó balẹ̀. Ẹ fi wé oníṣu tó ń to iṣu ní mẹ́jọ-mẹ́jọ, tí òkìtì rẹ̀ wá ku ẹyọ kan kó pé. Ibikíbi tó bá ti rí iṣu kan, yóò nawọ́ sí i.

Ọ̀nà méjì ló lè gbà rí ẹyọ kan tó kù náà. Ó lè gba electron kan pátápátá lọ́wọ́ átọ́ọ̀mù mìíràn. Ó sì lè jẹ́ pé òun àti átọ́ọ̀mù mìíràn yóò mú electron kọ̀ọ̀kan wá, tí àwọn méjèèjì yóò sì jọ máa lò ó. Ìsopọ̀ ni a ń pe èyí, ìsopọ̀ yìí ló sì ń sọ irú ohun tí a máa bá pàdé.

Bí chlorine kò bá rí ẹlòmíràn, átọ́ọ̀mù rẹ̀ méjì máa ń so mọ́ ara wọn. Èyí ni gáàsì chlorine. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tó ń pọ́n lọ, ó sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po méjì àbọ̀. Ìsopọ̀ àárín àwọn méjèèjì kò le púpọ̀. Bí gáàsì yìí bá kan ibi tó tutù nínú ara, bí ojú, ọ̀nà ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró, ó máa ń bá omi ibẹ̀ di ásíìdì, á sì máa já electron gbà lára ẹran ara. Ohun tó fà á nìyẹn tí ojú fi ń ta, tí èèyàn fi ń wúkọ́, tí ẹ̀dọ̀fóró sì lè kún fún omi.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1915, ní ìtòsí ìlú Ypres ní Belgium, àwọn ọmọ ogun Jámánì ṣí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgò irin tó kún fún gáàsì chlorine, wọ́n sì jẹ́ kí atẹ́gùn gbé e lọ bá àwọn ọ̀tá wọn. Nítorí pé ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, inú kòtò tí àwọn ọmọ ogun sá pamọ́ sí gan-an ló wọ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí a rántí èyí nígbà tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ balùwẹ̀.

Àhesọ kìíní: "Gáàsì ogun wà nínú iyọ̀"

Ìdájọ́: Irọ́ ni.

Òótọ́ ni pé chlorine wà nínú iyọ̀. Ibi tí àhesọ náà ti ṣìnà ni pé ó gbàgbé ìsopọ̀.

Sodium ni èkejì chlorine nínú iyọ̀. Irin rírọ̀ ni sodium, ọ̀bẹ lásán lè gé e. Bí ó bá kan omi, ó máa ń hó yàà, ó sì lè gbiná, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ sínú epo ní yàrá ìwádìí. Electron 11 ló ní: méjì, mẹ́jọ, lẹ́yìn náà ẹyọ kan ṣoṣo lóde. Ẹyọ kan yìí ló ń wá ibi tó máa jù ú sí. Chlorine sì ń wá ẹyọ kan. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá pàdé, sodium á yọ̀ǹda, chlorine á gbà. Ẹni tó fúnni di ọlọ́wọ́ rere, ẹni tó gbà di ọlọ́wọ́ òdì, bí àmì rere àti òdì tó wà lára bátìrì. Rere àti òdì sì máa ń fa ara wọn mọ́ra gidigidi.

Bí ìsopọ̀ náà ṣe lágbára tó hàn nínú ooru tó lè yọ́ ọ. Sodium nìkan máa ń yọ́ ní 98°C, kò tó ooru omi tó ń hó. Chlorine nìkan ti di gáàsì tipẹ́ kí ojúmọ́ tó mọ́. Ṣùgbọ́n iyọ̀ tó bí láti ara àwọn méjèèjì, ó di 801°C kó tó yọ́. Kò sí ìkòkò ọbẹ̀ tó ń gbóná tó bẹ́ẹ̀.

Chlorine inú iyọ̀ ti rí iṣu kẹjọ rẹ̀. Kò wá nǹkan kan mọ́. Bí ẹ bá dà á sínú omi, sodium àti chlorine á yà kúrò lára ara wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kálukú ṣì di ohun tó gbà tàbí ohun tó fi sílẹ̀ mú. Bí ẹ se é, bí ẹ dín in, gáàsì chlorine kò ní jáde. Kí wọ́n tó lè yọ gáàsì náà kúrò lára iyọ̀ ní ilé iṣẹ́, iná mànàmáná ni wọ́n ń gbà kọjá nínú omi iyọ̀. Ara wa pàápàá nílò iyọ̀, ibẹ̀ la ti ń rí chlorine tí inú ikùn fi ń ṣe ásíìdì tó ń da oúnjẹ.

Èyí kò wá sọ pé kí a máa bu iyọ̀ bí ẹni bu gaàrí. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gba àgbàlagbà níyànjú pé iyọ̀ tí yóò jẹ lójúmọ́ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí ìmutíì kan. Àjẹjù rẹ̀ ń dá kún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìdí tó yẹ kí a fi dín in kù nìyẹn, kì í ṣe nítorí gáàsì.

Àhesọ kejì: "Fi omi oníyọ̀ wẹ̀, mu ún, Ebola kò ní mú ọ"

Ìdájọ́: Irọ́ ni, ó sì ti pa èèyàn.

Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014, arìnrìn-àjò kan tó wá láti Liberia gbé àrùn Ebola wọ Èkó. Kò pẹ́ tí àtẹ̀jíṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti orí fóònù kan sí òmíràn, pé kí àwọn èèyàn fi omi oníyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló jí ẹbí àti ọ̀rẹ́ wọn lóru láti sọ fún wọn, ìfẹ́ ni wọ́n sì fi ṣe é.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún náà, WHO kéde pé ó kéré tán, èèyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà lẹ́yìn tí wọ́n mu omi oníyọ̀. Nígbà tí WHO wá kéde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá pé Ebola ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà, èèyàn 20 ni àrùn náà mú, 8 ló sì pa. Ẹ fi èèyàn méjì wé mẹ́jọ, kí ẹ wo bí àhesọ nìkan ti ṣe ṣọṣẹ́ tó.

Báwo ni iyọ̀ ṣe ń pa èèyàn? Ẹni tó bá ti fi iyọ̀ fọ ìgbín rí mọ̀ pé iyọ̀ máa ń fa omi jáde lára rẹ̀. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń fa omi jáde láti inú àwọn sẹ́ẹ̀lì ara. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kì í lè fara dà á: èèyàn lè dàrú, gìrì lè mú un, ó sì lè dákú. Kíndìnrín kò lè tètè gbọ̀n ọ́n dànù. Ewu náà pọ̀ jù fún ọmọdé àti ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín.

Chlorine inú iyọ̀ kò sì lè ṣe fáírọ́ọ̀sì Ebola ní nǹkan kan, nítorí pé ó ti yó. Chlorine tó lè pa á wà nínú nǹkan mìíràn.

Kí ló wà nínú bílíìsì?

Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe bílíìsì, gáàsì chlorine ni wọ́n máa ń tú sínú caustic soda tí wọ́n ti pò mọ́ omi, caustic soda kan náà tí àwọn olóṣẹ ń lò. Ohun mẹ́ta ló máa ń jáde: iyọ̀, omi àti sodium hypochlorite. Sodium hypochlorite yìí ni bílíìsì tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní Jik tàbí Hypo, orúkọ yòówù kó wà lára ike rẹ̀.

Nínú bílíìsì, ara oxygen ni chlorine so mọ́. Oxygen lágbára láti fa electron ju chlorine lọ, nítorí náà ebi electron ṣì ń pa chlorine yìí. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí chlorine inú iyọ̀ nìyẹn. Bí ó bá kan àbàwọ́n lára aṣọ, á fọ́ ìsopọ̀ tó fún àbàwọ́n náà ní àwọ̀, aṣọ á sì funfun. Bí ó bá kan kòkòrò àrùn, á ba ara rẹ̀ jẹ́, kòkòrò náà á sì kú.

Ohun rere ni agbára yìí bí a bá lò ó dáadáa. Láti ọdún 1908 tí ìlú Jersey City ní Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú rẹ̀ sínú omi ẹ̀rọ ìlú, ó ti gba ẹ̀mí àìmọye èèyàn lọ́wọ́ àrùn inú omi bíi kọ́lẹ́rà àti tàífọ́ọ̀dù. Nígbà tí Ebola ń jà ní Guinea, Liberia àti Sierra Leone láàárín 2014 sí 2016, tó pa èèyàn tó lé ní 11,000, omi chlorine ló wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ 0.05% ni wọ́n fi ń fọ ọwọ́. Èyí tó jẹ́ 0.5%, tó le jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, ni wọ́n fi ń nu ilẹ̀ àti ohun èlò. Ara àti ohun èlò níta ni gbogbo rẹ̀ mọ, kò sẹ́ni tí wọ́n fún mu.

Àhesọ kẹta: "Bílíìsì àti òògùn ìfọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, méjèèjì pọ̀ ló dára jù"

Ìdájọ́: Irọ́ ni, ó sì lè pani.

Àwọn àgbà sọ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òwe yìí ló dà bíi pé ó wà lọ́kàn ẹni tó ń po ohun ìfọlé pọ̀: eléyìí lágbára, ìyẹn lágbára, àwọn méjèèjì yóò lágbára jù. Ṣùgbọ́n inú ike kì í ṣe inú ẹgbẹ́.

Ọ̀pọ̀ òògùn tí a fi ń fọ àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, pàápàá èyí tó ń bó àbàwọ́n rọ́sítì àti ẹfun omi, hydrochloric acid ló wà nínú wọn. Ẹ ka ẹ̀yìn ike rẹ̀, ẹ ó rí i. Ẹ sì rántí bí wọ́n ṣe ṣe bílíìsì: gáàsì chlorine ni wọ́n dè mọ́ inú caustic soda. Caustic soda ló dè é, ásíìdì ló sì ń tú u sílẹ̀. Bí ásíìdì bá ti bá bílíìsì pàdé, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí:

Bílíìsì + hydrochloric acid → iyọ̀ + omi + gáàsì chlorine

NaClO + 2HCl → NaCl + H₂O + Cl₂

Gáàsì yìí gan-an ni ti ọdún 1915. Iye rẹ̀ kò tó ti ojú ogun, ṣùgbọ́n balùwẹ̀ kò fẹ̀ tó pápá ogun. Fèrèsé rẹ̀ kéré, ẹni tó ń fọ̀ ọ́ sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, imú rẹ̀ kò jìnnà sí àwo. Gáàsì tó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ á fẹ̀ sílẹ̀ níbi tí imú rẹ̀ wà. Ọmọdé tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tún sún mọ́ ilẹ̀ jù ú lọ. Ẹni tó ní ikọ́ fée kò ní lè fara dà á rárá.

"Ṣùgbọ́n mo ti ń pò ó tipẹ́, kò sì ṣe mí ní nǹkan kan." Èsì tí a sábà máa ń gbọ́ nìyẹn. Ó lè jẹ́ pé díẹ̀ lẹ dà, tàbí pé afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀ dáadáa, tàbí pé bílíìsì náà ti pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí agbára rẹ̀ ti lọ. Nǹkan wọ̀nyí kì í rí bákan náà ní gbogbo ìgbà. Òórùn tó ń ta yín nímú, tí ẹ kà sí òórùn ìmọ́tótó, gáàsì náà ni.

Ẹ tún wo ohun tó ṣẹ́ kù nínú àwo. Chlorine tó yẹ kó pa kòkòrò ti fò lọ. Ásíìdì tó yẹ kó bó àbàwọ́n ti tán. Iyọ̀ àti omi ló kù. Èèyàn ra ike méjì, ó fi ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ wewu, omi iyọ̀ ló fi fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Kì í ṣe òògùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan ni ásíìdì wà. Fínígà, omi ọsàn wẹ́wẹ́, omi bátìrì ọkọ̀ àti ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ táìlì náà máa ń tú gáàsì yìí jáde lára bílíìsì. Fídíò tó ní kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú bílíìsì kí aṣọ lè funfun kíákíá, inú ewu kan náà ló ń tì yín sí.

Ìtọ̀ àti spirit ńkọ́?

Bí bílíìsì bá pàdé ammonia, gáàsì mìíràn tí wọ́n ń pè ní chloramine ló ń jáde, òun náà sì ń ba ojú àti ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ammonia wà nínú àwọn ohun ìfọ dígí kan. Ó tún máa ń wà nínú ìtọ̀ tó ti pẹ́: òórùn tó ń gún èèyàn nímú ní ilé ìtọ̀ gbogbogbòò ni. Nítorí náà, kí ẹ tó da bílíìsì sí ibi tí wọ́n ń tọ̀ sí, tàbí sínú ike ìtọ̀ ọmọ, ẹ kọ́kọ́ fi omi púpọ̀ ṣàn án dáadáa.

Ẹ má ṣe po bílíìsì mọ́ methylated spirit tàbí sanitizer olótí náà, torí èròjà olóró lè jáde lára wọn. Omi nìkan ni ẹ máa pò mọ́ bílíìsì, àyàfi tí ẹ̀yìn ike rẹ̀ bá sọ ohun mìíràn.

Àhesọ kẹrin: "Ó ń pa kòkòrò lórí ilẹ̀, á pa á nínú ara"

Ìdájọ́: Irọ́ ni, ó sì lè pani.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 2020, Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, Donald Trump, béèrè níwájú àwọn oníròyìn bóyá wọ́n lè rí ọ̀nà fi ohun apakòkòrò sínú ara láti pa kòrónà. Àwọn dókítà àti àwọn tó ń ṣe ohun apakòkòrò yára kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má dán an wò. Ìbéèrè náà jọ ọ̀rọ̀ gidi létí, ìdí nìyẹn tó fi ń tàn kálẹ̀.

Ìdáhùn rẹ̀ tún wà nínú ìsopọ̀. Ebi tó ń pa chlorine inú bílíìsì kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ara kòkòrò àti ara èèyàn. Ohun tó bá kọ́kọ́ pàdé ló máa bá jà. Bí ẹ bá gbé e mì, ẹnu, ọ̀nà ọ̀fun àti ikùn ló máa kọ́kọ́ pàdé. Yóò bó wọn, agbára rẹ̀ á sì tán sí ibẹ̀. Kò lè dé ibi tí fáírọ́ọ̀sì wà. Ásíìdì tó wà nínú ikùn pàápàá lè tú gáàsì chlorine jáde lára rẹ̀.

Òògùn àrékérekè kan wà tí wọ́n ń pè ní MMS, tí àwọn tó ń tà á sọ pé ó ń wo ibà, àrùn jẹjẹrẹ, autism àti kòrónà. Sodium chlorite ni, wọ́n á ní kí ẹ pò ó mọ́ ásíìdì ọsàn, á sì di chlorine dioxide, bílíìsì tí àwọn ilé iṣẹ́ fi ń mú bébà funfun. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, àjọ FDA tó ń mójú tó òògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún aráyé pé kí wọ́n má ṣe mu ún. Lọ́dún 2023, ilé ẹjọ́ kan ní Florida rán bàbá kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta lọ sí ẹ̀wọ̀n nítorí pé wọ́n ń tà á bí òògùn. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé irú rẹ̀ wá fún yín, orúkọ yòówù kó wà lára ìgò, bílíìsì ni.

Ike tó ní chlorine: ẹ má dáná sun ún

Páìpù omi funfun tàbí aláwọ̀ eérú tí a ń pè ní PVC, àti rọ́bà tó bo ọ̀pọ̀ wáyà iná, chlorine ló kó ju ìdajì ìwọ̀n ògidì PVC. Nínú ike yìí, chlorine so mọ́ carbon, ó sì jókòó jẹ́ẹ́. Omi lè gba inú páìpù náà kọjá fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Iná ló ń tú ìsopọ̀ náà. Bí PVC bá ń jó, hydrochloric acid máa ń bá èéfín rẹ̀ jáde, àwọn èròjà olóró mìíràn tí wọ́n ń pè ní dioxin sì lè bá a rìn. Ní Agbogbloshie ní ìlú Accra, Ghana, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sun wáyà kí wọ́n lè rí kópà inú rẹ̀ tà, èéfín yìí ni wọ́n ń fà símú lójoojúmọ́. Bí ẹ bá ń sun ìdọ̀tí lẹ́yìn ilé, ẹ yọ páìpù àti wáyà kúrò níbẹ̀.

Àhesọ karùn-ún: "Bó bá ti fa gáàsì símú, fún un ní epo pupa tàbí wàrà"

Ìdájọ́: Irọ́ ni.

Ẹ̀dọ̀fóró ni gáàsì wọ̀, ikùn ni epo àti wàrà ń lọ. Wọn kò lè pàdé. Ẹni tó ń wúkọ́ tàbí tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú sì lè fa epo náà sínú ẹ̀dọ̀fóró, èyí tó lè pa á ju gáàsì lọ.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe nìyí:

1. Ẹ jáde kíákíá lọ síbi tí afẹ́fẹ́ wà. Ẹ má dúró láti da àpòpọ̀ náà nù. Bó bá rọrùn, ẹ lọ síbi tó ga, kì í ṣe ibi tó lọ sílẹ̀.
2. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ bí ẹ ti ń jáde, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé wọlé.
3. Bó bá ta sí ojú, ẹ fi omi tó mọ́ ṣan ojú náà fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, ó kéré tán. Ẹ bọ́ aṣọ tó bá ta sí, kí ẹ fi omi fọ ara.
4. Bí èèyàn bá gbé bílíìsì tàbí ásíìdì mì, ẹ má fipá mú un bì. Bí ó ṣe bó ọ̀nà ọ̀fun nígbà tó ń lọ, bẹ́ẹ̀ náà ló máa bó o nígbà tó bá ń padà.
5. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ gbé ike náà dání kí dókítà lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì ní Nàìjíríà ni 112.
6. Ẹ má sọ pé ara ti yá lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Omi lè máa pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí èèyàn tó mọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ lo bílíìsì dáadáa

Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti omi fọ ibi tó dọ̀tí, nítorí pé ìdọ̀tí máa ń jẹ chlorine tán kó tó dé ọ̀dọ̀ kòkòrò. Bí agbára bílíìsì yín bá jẹ́ 5%, ife kan rẹ̀ sínú ife omi mẹ́sàn-án máa fún yín ní 0.5%. Bó bá jẹ́ 3.5%, ife kan sínú ife omi mẹ́fà ni. Ẹ lo omi tútù, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Èyí tí ẹ bá pò lónìí, ẹ dà á nù bí ọjọ́ náà bá parí, torí agbára rẹ̀ máa ń dín kù. Oòrùn àti ooru náà ń bà á jẹ́, ìdí nìyẹn tí ike rẹ̀ kì í fi í mọ́ kedere bí ti omi. Ẹ má ṣe bù ú sínú ìgò ohun mímu láéláé: ọ̀pọ̀ ọmọdé ni ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tàn jẹ.

Bí ẹ bá fẹ́ lo òògùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní ásíìdì náà, kí ó jẹ́ ọjọ́ ọ̀tọ̀, tàbí kí ẹ fi omi púpọ̀ ṣan ti àkọ́kọ́ lọ pátápátá.

Bí àtẹ̀jíṣẹ́ mìíràn bá tún dé

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé nǹkan kan jẹ́ májèlé tàbí òògùn nítorí èròjà kan tó wà nínú rẹ̀, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Kí ni èròjà náà so mọ́? Báwo ló ṣe pọ̀ tó? Ibo ni yóò ti ṣiṣẹ́, lórí ilẹ̀ ni, lára aṣọ ni, tàbí nínú ara? Ẹni tó bá kọ àtẹ̀jíṣẹ́ lójú òótọ́ yóò lè dáhùn. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Àwọn tó jí ara wọn lóru lọ́dún 2014 kò fẹ́ ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Wọn kàn fi ránṣẹ́ kí wọ́n tó béèrè ni.